Orúnkún onírin àti sítíkà inú fáìlì

Ìyá Ìbejì, Sábó, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó béèrè bóyá orúnkún onírin lè bàjẹ́, ó lè bàjẹ́ dáadáa. Èmi rèé.

Ọdún 2017 ni wọ́n ṣe tèmi nílé ìwòsàn aládàáni kan. Fún ọdún mẹ́rin, ijó ni mo ń jó. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́ẹ́kẹ́ bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo. Ó ń wú. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, á fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ mi. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ orí ni, mo sì ń fi róòbù pa á (òmùgọ̀ ni mí).

Dókítà eegun tí mo padà lọ bá gbé fọ́tò síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. "Màmá, rọ́bà àárín irin méjèèjì kì í hàn nínú x-ray. Àlàfo rẹ̀ là ń wò." Àlàfo tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé lápá kan. Rọ́bà ti jẹ, èérún rẹ̀ sì ti ń ba eegun jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó ní láti 2021 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń ní kí wọ́n kó irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ padà: ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ò dí afẹ́fẹ́ tó, rọ́bà ti ń gbó kó tó wọ ara èèyàn. Kí n lọ wo nọ́ńbà tèmi.

Nọ́ńbà wo? Àṣé sítíkà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà nínú páálí irin náà, tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé ìwòsàn náà. Lónìí, fáìlì sọnù; lọ́la, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ò wá. Lọ́yà mi kọ lẹ́tà kan péré, ó tọ́ka sí ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018. Fáìlì jáde! Àyódíìnì ti ta sí sítíkà náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣeé kà. Ó wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ yẹn ní kí wọ́n kó padà.

Lọ́yà ní ilé-iṣẹ́ yẹn ti sá lọ sílé ẹjọ́ onígbèsè lọ́hùn-ún ní 2024, kí n má gbójú lé owó Amẹ́ríkà. Ó ní òfin FCCPC (àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà) ti 2018 mú ẹni tó ta ọjà tó lábùkù níbí, ibẹ̀ la dojú kọ. Kí wọ́n tó tún orúnkún ṣe ló ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ da rọ́bà náà nù, ẹ̀rí ni. Wọ́n gbé e fún mi nínú ike. Ó pọ́n bí eyín ajobì.

Bàbá Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrora, ìyá. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe tèmi, káàdì rẹ̀ wà nínú àpò pásípọ́ọ̀tù mi. Nọ́ńbà tèmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kó padà, àmọ́ kò dùn mí. Dókítà ní ká má tú u, kí n kàn máa wá ya fọ́tò. Lọ́yà tèmi béèrè pé, "Bàbá, kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ fẹ́ pẹjọ́ lé lórí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú màmá mi báyìí. Wọ́n ní àwọn ò rí sítíkà kankan.

Ìyá Ìbejì

Kí wọ́n ṣí fáìlì dé ojú ìwé tíátà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni tèmi wà.