Lórí "èjì aborí": mo gba èjì, mi ò gba aborí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa pe káàdì méjì àkọ́kọ́ tó bára dọ́gba tó sì lágbára nínú póókà Texas (eré tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fún oníkálùkù ní káàdì méjì, tí wọ́n sì ń ṣí àwọn tó kù sílẹ̀ fún gbogbo wọn), irú éèsì méjì, ìyẹn káàdì tó ga jù, tàbí ọba méjì, ní "èjì aborí". Mo gba "èjì" tọwọ́tẹsẹ̀. Bó ṣe wà nínú Èjì Ogbè náà nìyẹn: ohun tó wà lọ́tùn-ún ló wà lósì. (Ẹni tó bá ní ká má gbé ọ̀rọ̀ Ifá wọ inú tẹ́tẹ́, ẹ bá mi sọ fún un pé òǹkà lásán ni èjì.) "Ìbejì" tí àwọn kan ń fẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Táyé àti Kẹ́hìndé.

"Aborí" ni kò wọ̀ mí létí. Ó ti ń ṣèdájọ́ kí eré tó parí. Lóòótọ́, bí éèsì méjì bá kojú ẹnì kan ṣoṣo tó mú káàdì èyíkéyìí, yóò borí ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́sàn-án bá bá a dé òpin, kò ju bí 31 lọ mọ́.

Póókà tí wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí iye owó tí èèyàn lè ta ló sì le jù, torí èèyàn ò lè fowó ńlá lé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo tábìlì $4 àti $8, níbi tí ìta kọ̀ọ̀kan jẹ́ $4 níbẹ̀rẹ̀, tó sì di $8 tó bá yá. Ẹni márùn-ún ti san $8 kọ̀ọ̀kan, $40 wà nílẹ̀. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta, eléèsì ta $4, ó di $44. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mú 6 àti 7, tí 9 àti 10 wà nílẹ̀. 8 nìkan ló ń wá kí káàdì márùn-ún lè tò tẹ̀lé ara wọn, 6 dé 10, kó sì borí éèsì méjì, mẹ́rin péré sì ni 8 nínú káàdì 47 tí kò tíì rí. Bó bá san $4 rẹ̀ ní ìgbà 47, á pàdánù $172 ní ìgbà 43, á kó $176 ní ìgbà mẹ́rin. Ta ló máa pè é ní òmùgọ̀? Bí kò bá sí òdiwọ̀n ni, eléèsì ì bá gbé $100 kalẹ̀, onítọ̀hún á sì sá.

Ìdí nìyí tí eléèsì fi gbọ́dọ̀ máa fowó kún owó kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan, nígbà tí tirẹ̀ ṣì dára jù. Bí káàdì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ bá wá le fún un, kó kàn san, kó dákẹ́.

"Èjì àgbà" ni tèmi. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, ìyẹn ò ní kí ọmọdé má jẹ. Fún póókà tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí náà, "oníwọ̀n" tó mi. "Olópin" á jọ eré tó ti fẹ́ parí.

Jáàkì méjì ló kù. Ní ìgbà tó ju ìdajì lọ, káàdì tó ga jù ú lọ á wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí. Mo ṣì kà á mọ́ àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kó wà pẹ̀lú èjì àárín, kó sọ ìdí rẹ̀.