Ara fínfín àti òkú tí kò ní orúkọ: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ilé òkú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkú tó bá pẹ́ nínú omi máa ń wú, á dúdú, ìyá tó bí i gan-an lè wò ó kó má mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá báyìí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní àmì kankan. Dókítà ní ká fi kànìnkànìn tútù rọra nu apá rẹ̀. Awọ òkè bó dání, ni àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan tó fín sára bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́ kedere! Inú awọ kejì ni tàdáwà máa ń jókòó sí. Ti òkè lè ṣí kúrò, àwòrán ò ní bá a lọ.

—

Fọ́tò ni tèmi. Ẹni tí iná jó ni, ojú lásán ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Kámẹ́rà infrared, ìyẹn èyí tó ń lo ìtànṣán tí ojú ò lè rí, ló fi lẹ́tà tó wà láyà rẹ̀ hàn, torí tàdáwà dúdú máa ń fa ìtànṣán yẹn mu ju awọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á.

—

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, mọ̀lẹ́bí ni mí. Wọn ò fojú ẹ̀gbọ́n mi hàn wá, fọ́tò èjìká nìkan ni. Màámi ní kì í ṣe ọmọ òun, pé ọmọ òun ò fín ara. Èmi nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán náà hàn, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ sọ. Síbẹ̀, wọn ò gbé òkú fún wa àfìgbà tí wọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò. Inú bí wa gan-an.

—

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n jàre ṣá, àwòrán kan náà lè wà lára ẹni púpọ̀. Ìtẹ̀ka, eyín àti DNA ni Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, fi ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n wé, bí ẹbí ò bá tíì yọjú? Obìnrin ará Bìrìtìkó tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò ní Antwerp, ní Belgium, ní 1992, ìtẹ̀ka kọ́ ló wá ẹbí rẹ̀ rí. Ní 2023 ni Interpol gbé òdòdó dúdú tó wà lápá òsì rẹ̀ jáde, pẹ̀lú "R'NICK" tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹbí rí i nínú ìròyìn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ọdún 31.

—

Èmi ti àkọ́kọ́ tún nìyí. Ta ló ti fi hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, nu awọ tó ti gbẹ tó sì dúdú rí? Mo gbọ́ pé ó máa ń mú àwòrán hàn, àmọ́ ọ̀gá wa ò tíì gbà ká dán an wò.