“Fi kún” yàtọ̀ sí “kọ mọ́” o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ sọ́fítíwia tí àwọn kọngílá fi ń ṣètò iṣẹ́ ní tá a bá mú èèyàn tuntun sórí iṣẹ́ tó ti parí, ká máa pè é ní “ìbùkún òṣìṣẹ́”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe torí pé ìbùkún ti di ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan.

Ẹ wo bí Microsoft Project, ọ̀kan lára irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀, ṣe ń ṣírò ẹ̀. Bíríkìlà kan ń rẹ́ ògiri ní Lágere, wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 2, wákàtí 16 niṣẹ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ìkejì kún un látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 1 ni wọ́n máa lò, àmọ́ wákàtí 16 ò yí padà, wọ́n kàn pín in ṣe ni. Èyí ni wọ́n ń pè ní effort driven, èmi á sọ pé “iṣẹ́ àpínṣe”.

Àmọ́ èyí tó ṣẹ́kù nìkan ni wọ́n ń pín. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri yẹn tán, ìṣẹ́kù ti di 0, ẹni tó bá wá dé lẹ́yìn ìyẹn, kí ló fẹ́ rẹ́? Wákàtí 0 ló máa kàn án, làwọn èèyàn á bá máa pariwo pé sọ́fítíwia ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, kò sí nǹkan tó máa pín ni.

Torí náà ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí lẹni yẹn wá ṣe. Tó bá jẹ́ pé ó bá wọn ṣiṣẹ́ náà, wọ́n kàn gbàgbé orúkọ ẹ̀, tí owó ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ àkọsílẹ̀, a ò fi kún nǹkan kan, orúkọ la kọ mọ́ ọn. “Ìkọmọ́” ni kẹ́ ẹ pè é, wákàtí tó ti ṣe lẹ sì máa kọ sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ò dáa ni, àtúnṣe nìyẹn, iṣẹ́ tuntun ni, ẹ ṣí ìlà tiẹ̀ fún un kí àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ má bàa dàrú.

Ẹnìkan tún ní “parí” àti “tán” ò yàtọ̀. Ó yàtọ̀. Sọ́fítíwia yẹn ń ka ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ló ti lọ lọ́tọ̀, ó ń ka ti iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká fi “parí” sí ti àkókò, ká fi “tán” síbi tí iṣẹ́ ò bá ti kù rárá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n á lè fi ronú ni mo ń wá. Níbí ní Ifẹ̀ náà ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ́dún 1970, ọmọ kékeré gbọ́ ọ yé, ṣé àgbà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú ni ò ní gbọ́?

Ó ku ẹyọ kan. Ìpàdé wákàtí 2, bẹ́ ẹ fi èèyàn mẹ́wàá kún un, kì í kúrú sí i, wákàtí 2 ti kálukú ló ń gun orí àpapọ̀. “Iṣẹ́ oníkálukú” ni mo ní lọ́wọ́ fún ìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.