Wọ́n dá Màámi padà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adéọlá, Ìtòkú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi gan-an. Òkúta wà nínú àpò òróòro Màámi, wọn ò lè jẹ ohun elépo mọ́. Àárọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà fún wọn. Aago márùn-ún ìdájí la ti jáde, onímáruwá gbowó ìlọ́po méjì, mo ti ìsọ̀ àdìrẹ pa, àbúrò mi l'Ékòó ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Dókítà tó ń fún ni lóògùn oorun kàn bi Màámi ní ìbéèrè kan, ó gbọ́ àyà wọn, ló bá ní àfi ká lọ ṣe ẹ́kò ọkàn wá, àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé inú ọkàn ni òkúta wà ni? Ihò kéékèèké mẹ́rin péré! Ṣé kí n gbé wọn lọ síbòmíràn?

Bọ̀dá Wálé: Ẹ gbé wọn lọ jàre. Owó ni wọ́n ń wá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, èjìká ló dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta, ikùn ò tiẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sí mi níkùn ló fà á.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Bọ̀dá Wálé, ẹ má ṣi obìnrin yìí lọ́nà. Carbon dioxide ni afẹ́fẹ́ yẹn, ikùn á le bí ìlù kí kámẹ́rà tó ríran. Á ti iṣan tó pààlà ikùn àti àyà sókè, ẹ̀dọ̀fóró ò ní ráyè nà. Á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí á ní láti lé e jáde. Á tún fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á dín kù, agbára tí ọkàn máa fi tì í jáde á sì pọ̀ sí i. Ọkàn tó le á fara dà á. 12 sí 15 mmHg, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ náà fi ń ti ikùn, ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ dé. Bí ọkàn bá ti rẹ̀, wọ́n lè dín in kù, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú.

Bọ̀dá Wálé: Kí wọ́n kúkú la ikùn nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ìrora ojú abẹ ńlá ò ní jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ gan-an ni oníkámẹ́rà ti dára jù. Adéọlá, ìbéèrè wo ni dókítà bi wọ́n?

Adéọlá, Ìtòkú: Màámi ò lárùn ọkàn o. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ṣì ń gun òkè lọ sọ́jà.

Ìyá Ìbejì: Ìbéèrè wo, ọmọ mi?

Adéọlá, Ìtòkú: Pé ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n fi ń sùn. Mẹ́ta ni. Ẹsẹ̀ wọn náà ń wú. Bí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ ọ́, kí wọ́n má baà sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹ̀rù ìrora yẹn ló ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ibo ni wọ́n wà báyìí?

Adéọlá, Ìtòkú: Lórí àga. Wọ́n láwọn ò lè dùbúlẹ̀ lálẹ́ yìí, èémí ò kanlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ó jọ pé ọkàn wọn ti rẹ̀ nìyẹn: ìyẹn ni dókítà ń wá tó fi béèrè ìrọ̀rí. Má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Gbé wọn padà sílé ìwòsàn báyìí, kí o sì sọ ti ìrọ̀rí àti ti ẹsẹ̀ fún wọn kí o tó sọ ti òkúta.

Adéọlá, Ìtòkú: Mo ti ń wá máruwá.