Wọ́n rí calcium lára iṣan ọkàn màmá mi: ṣé kí n bẹ̀rù?

Àbúrò Yín: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Torí ikọ́ ni wọ́n ṣe ya CT àyà, ìyẹn àwòrán inú àyà, fún màmá mi. Ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé èsì náà dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé calcium, èròjà inú wàrà tó ń mú egungun le, wà lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, kò sì kéré. Dókítà ò mẹ́nu bà á rárá. Ọmọ ọdún 61 ni wọ́n, àyà kì í dùn wọ́n. Ṣé kí wọ́n pa wàrà tì ni?

Ìyá Ìbejì: Wàrà kọ́ o! Ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan, tó bá pẹ́, calcium á gba ibẹ̀.

Bàbá Àgbà: Kí wọ́n tètè gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ iṣan ọkàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí àyà ò dùn, tí kì í mí hẹlẹ, kì í sábà nílò wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú fò ó o. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní kí wọ́n wò, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkàn fi bọ́ sísàlẹ̀ ìwé. Ohun tí wọ́n rí yẹn fi hàn pé àìsàn iṣan ti bẹ̀rẹ̀, bí ara tilẹ̀ le. CT kan wà tí wọ́n fi ń wọn calcium náà gan-an. Máàkì Agatston ni wọ́n ń pe èsì rẹ̀, ó ti wà láti 1990. Bó bá ti tó 100, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ statin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ mú ìwé yẹn padà lọ, kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ṣúgà wọn wò. Bí wọ́n bá ń mu sìgá, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Àbúrò Yín: Ẹ ṣé, mà. Ṣé statin á yọ́ calcium ọ̀hún? Màmá ní kí ni àwọn fẹ́ fi oògùn ṣe nígbà tí kò síbi tó ń dun àwọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò ní yọ́ ọ. Ó tiẹ̀ lè pọ̀ sí i lórí àwòrán! Ọ̀rá tó rọ̀ ló máa ń bẹ́ lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí. Statin ń mú kó le. Nítorí náà, ẹ má máa ya CT kiri láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò LDL, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, ló ń sọ ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Tèmi, inú àwòrán ọmú ni wọ́n ti rí calcium lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ibòmíì lára ògiri iṣan nìyẹn máa ń wà, kò jọ ti ọkàn. Síbẹ̀, àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ sí i lára àwọn obìnrin tó ní in. Ẹ sọ fún dókítà yín.