Ẹ má jẹ́ ká pè é ní “iṣẹ́ àgbẹ̀ inú igbó”

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé “iṣẹ́ àgbẹ̀ inú igbó” ni ká fi túmọ̀ agroforestry, ìyẹn gbígbin oúnjẹ àti igi pọ̀ sórí ilẹ̀ kan náà, nígbà míì pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn, pé àgbẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, igbó náà sì wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Létí Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni igbó, ọ̀tọ̀ ni oko. Ẹni tó bá fẹ́ sọ igbó di oko, ṣe ni yóò ṣán an, tí yóò sun ún, kó tó kọ ebè. Bí mo bá wí fún àgbẹ̀ ní Ìdànrè pé iṣẹ́ àgbẹ̀ inú igbó ni mo fẹ́ ṣe, ohun tó máa gbọ́ ni pé mo fẹ́ lọ bẹ́ ẹgàn lulẹ̀. Òdìkejì ohun tí à ń wí gan-an nìyẹn!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọ náà dáadáa ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Kilimanjaro ní Tanzania, níbi tí àwọn Chagga ń gbé, igi gíga ló borí oko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ igi, kọfí wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti ẹ̀fọ́ ló sún mọ́ ilẹ̀ jù. Wọ́n so màlúù mọ́lé, wọ́n ń já koríko fún un, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé ń gba òjò sílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀, gbòǹgbò di ilẹ̀ mú, àgbàrá ò sì rí i wọ́ lọ. Kihamba ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ìdílé ni, ó yí ilé ká, ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Oko àgbàdo tó wà nísàlẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, shamba ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní 2011, FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ka kihamba Shimbwe Juu, abúlé kan níbẹ̀, mọ́ ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ṣe pàtàkì lágbàáyé.

Ẹlòmíì ní ká kúkú lo “oko etílé”. Ó bá kihamba mu, àmọ́ kò bá oko kòkó mu, èyí tí olóko máa ń tìtorí rẹ̀ kọ́ ahéré sí oko ọ̀nà jíjìn. Orúkọ tó bá so mọ́ ibi kan ṣoṣo kì í pẹ́ ṣìnà. Ẹ wo taungya, ọ̀rọ̀ àwọn ará Burma: taung ni òkè, ya ni oko. Nígbà tí òyìnbó gbà á lọ fún ọ̀gbìn igi tíìkì, ó di orúkọ oúnjẹ tí a gbìn sáàárín igi kéékèèké, títí tí igi á fi dàgbà bò ó. Ó dé inú igbó ìjọba ní Nàìjíríà pẹ̀lú, títí kan ibi tí kò sí òkè.

Ohun tí èmi mú wá ni “àgbìnmọ́gi”. Àgbẹ̀ máa ń sọ pé òun gbin àgbàdo mọ́ iṣu. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Oko àgbìnmọ́gi ni oko náà, ìgbìnmọ́gi ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní igi ìdáná náà ń jẹ́ igi, “gbìn” ti fi hàn pé ohun alààyè là ń sọ. Ìrókò tí àgbẹ̀ bá nílẹ̀ tí kò sì gé, ọ̀rọ̀ náà gbà á. Ibi tó ti ṣòro fún mi ni kòkó: igi ni òun fúnra rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la sì ń gbìn láti ṣíji bò ó nígbà tó ṣì kéré. Síbẹ̀, mo gbà pé a lè lò ó níbẹ̀ náà.

Ní ti “ìlò ilẹ̀ tó ń bá a lọ” tí ẹ kọ fún sustainable land use, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ máa ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣá. Inú rẹ̀ la ti rí aṣálẹ̀. “Ìlò ilẹ̀ láìjẹ́ kó ṣá” ti tó.

Màlúù inú kihamba ló kù. Kò sí ibi tí mo fi í sí nínú “àgbìnmọ́gi”. Ta ló ní ọ̀rọ̀ tó lè gba igi, oúnjẹ àti ẹran ọ̀sìn pọ̀?