Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù bàbá mi ti wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Ọmọ Akérélé, Houston: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá wà lójúfò kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Sùúrùlérè ni mo wà báyìí, mo wá lo lífù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí bàbá mi fi ń kó pákó láti Òkò Bàbá nígbà ayé wọn ni mo fẹ́ tún ṣe nínú kọ́ńpáǹdì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lókè táyà ẹ̀yìn, mo gé ibẹ̀ kúrò, mo gé páànù tuntun sí i, mo wá fi MIG, ẹ̀rọ ìjórin oníná tí mo gbé wá, jó o gbọrọ láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí mo ń sáré kí wọ́n tó mú iná lọ. Gbogbo ẹ̀ ti wọ́. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ á wọlé, tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò á tún ta padà, ó ń dún pákọ́ pákọ́ bí ìdí agolo mílíìkì. Ọjọ́ 8 ló kù kí n padà. Ṣé kí n gé e dànù ni àbí ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ṣé o yọ táńkì epo? Ṣé o tú okùn bátìrì? Dá mi lóhùn ná.

Ọmọ Akérélé, Houston: Mo ti yọ méjèèjì sà.

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: O ṣeun. Páànù ara mọ́tò ò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ, iná tóo fún un ti pọ̀ jù. Ẹ̀kán níbí, ẹ̀kán lọ́hùn-ún la ń jó o, bí télọ̀ ṣe ń fi píìnì mú aṣọ kó tó gbé e sábẹ́ máṣíìnì, tí ọwọ́ ẹ ò bá tíì lè dúró lórí ẹ̀, má tíì jó òmíì. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kóo fi fílà (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) bò ó o. Èmi bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ lára Chevy mi, mo kun ún, ó dán, wíńtà kan péré, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì torí yìnyín wọ abẹ́ ẹ̀, fílà yẹn sì jábọ́ lódindi bí èèpo ògiri. Dọ́là 2,000 ni mo fi tún un ṣe.

Ọmọ Ìta Fàájì, London: Bọ̀dá, ẹ sọ ọ́ parí o. Jíjó lẹ́kàn-ẹ́kàn ò tó, ó gbọ́dọ̀ pàdé gbẹ̀yìn. Mo fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti dè mọ́ bọ́dì, MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún níbí, já mi, wọ́n ní tó bá ti wà láàárín 30 sẹ̀ǹtímítà síbẹ̀ àfi kí n jó o yíká láìfààyè sílẹ̀. Ọmọ Akérélé, má gé e. Fi iná mú ibi tó wú yẹn, kó má ju owó kọ́ìn lọ, kó pọ́n, fi dọ́lì (irin wúwo tí wọ́n ń dì mú lọ́wọ́) gbè é lẹ́yìn, fi òòlù lù ú yíká wọ àárín, kóo wá fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́. Á sún kì.

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: Omi kẹ̀! Lórí ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó? Ó máa sán ni.

Ọmọ Ìta Fàájì, London: Mi ò ní ojú ibi tó jó, àárín páànù ni mo wí. Àwọn páńẹ́bítà Mushin ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa.

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: Mo ti rí èyí tó sán. Mi ò ní gbà.

Ìyá Ìbejì, Chicago: Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ dúró ná. Páànù wo lo rà? Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín funfun yẹn ibà ni. Ọkọ mi jó o nínú gàráàjì níjọ́sí, lóru ó ń gbọ̀n bí ẹni tó wọ yìnyín, a ń fún un ní mílíìkì bí wọ́n ṣe wí, kò ràn án. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo bẹ̀ ẹ́, fi gíráńdà họ síńkì yẹn kúrò, jáde síta gbangba. Oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, má fi nu irin tóo fẹ́ jó láéláé, òmíràn wà tí iná bá kàn án tó ń di afẹ́fẹ́ tó ń pààyàn.

Ọmọ Akérélé, Houston: Hẹ̀n! Òun gan-an ni mo fẹ́ fi nù ún lọ́la. Ẹ ṣé mà.

Ọmọ Mushin, Houston: Gbogbo èyí ò bá ti sí, Ọwódé Oníríin, ọjà pátì mọ́tò, ni kóo lọ, wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ tí ò tíì jẹ fún ẹ. Ẹ̀yin ará Toronto sì ni, iyọ̀ tó yẹ kẹ́ẹ fi sebẹ̀ lẹ ń dà sójú títì, mọ́tò á wá ṣe é? Ẹ máa bọ̀ ní Texas.

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: Kí oòrùn yín bó péńtì mi bí èèpo iṣu?

Ọmọ Ìta Fàájì, London: London ló mọyì àgbà. Látọdún 2018, mọ́tò tó bá ti pé ọdún 40 tẹ́ẹ ò sì yí i padà kọjá ààlà, kò nílò MOT mọ́.

Ọmọ Mushin, Houston: Ará Ìta Fàájì tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà jẹ páànù ilé ẹ̀ tán ló ń sọ̀rọ̀ mọ́tò! Òórùn kábáàdì tí àwọn páńẹ́bítà fi ń jó irin nìkan ló ń ṣe mí. Láàárọ̀ Sátidé ní Mushin, òòlù á ti máa dún kí ẹlẹ́kọ tó kọjá. Mo ní gbogbo irinṣẹ́ ní gàráàjì mi níbí, kò sẹ́ni tó máa dúró tì mí kó ní mò ń lù ú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Ìbejì, Chicago: O pa mí lẹ́kún.

Ọmọ Akérélé, Houston: Ẹ wò ó, mo ń fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn òsì, ọ̀dà pupa ń ṣí, mo rí nọ́ńbà kan lábẹ́ ẹ̀, mẹ́fà péré, ìkọ̀wé aláwọ̀ yẹ́lò. Nọ́ńbà fóònù NITEL àtijọ́ ti ìsọ̀ bàbá mi ni. Mo ti gbàgbé ẹ̀, àmọ́ ẹnu mi kà á parí kí ojú mi tó rí méjì tó gbẹ̀yìn.

Bọ̀dá Yábàá, Toronto: Gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀!

Ìyá Ìbejì, Chicago: Má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Ya fọ́tò ẹ̀ fún wa.

Ọmọ Ìta Fàájì, London: Kí péńtà fi téèpù bo ibẹ̀ kó tó kùn ún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wá ńkọ́, omi àbí ká gé e?

Ọmọ Akérélé, Houston: Iná ti dé, mò ń bọ̀.